Ẹ Má Fi Àga Pa Àwọn Àgbà Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, nítorí pé ohun tí a kà sí ìwà ọmọlúàbí ni mo fẹ́ bá wí. Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbàkúùgbà tí àgbà bá fẹ́ fi ọwọ́ kan iṣẹ́: “Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Bí Màmá bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, a ó ti já a gbà. Bí Bàbá bá ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní àdúgbò kejì, a ó pe ọlọ́kadà, tàbí kí a ní kí dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde láti bu omi mu, ọmọdé mẹ́ta ni yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ayé yóò sì máa wí pé àwọn òbí náà jẹ èrè ọmọ.

Èrò tèmi ni pé ọ̀wọ̀ ni a fi ń pa wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tí a kò lò kì í fi agbára rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ iwájú bí owó tí a kó sí báńkì. Ṣe ni agbára náà ń ṣàn lọ. Àgbà tí a gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó pé ẹni ọdún 62, tí a gba àpò ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 65, tí a ní kí ó má gun àtẹ̀gùn mọ́ ní 68, kí ni ẹ rò pé yóò kù fún un láti fi dìde lórí ibùsùn ní 75? Nígbà náà ni a ó wá pe ẹbí jọ, tí a ó sì máa wádìí ẹni tí ó ń bá Màmá jà.

Àwọn tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò kọ́kọ́ pa òwe. Wọn yóò ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni òwe náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó ń sọ, kì í ṣe ìdí. Kò sí ibi tí ó ti ní kí àgbà má dìde. Wọn yóò tún ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Èyí tilẹ̀ gbè mí ju bí ó ti gbè wọ́n lọ, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà mọ̀ dájú pé bí ejò bá yọjú, àgbà yóò lè sáré, àní nínú ẹ̀gún. Mélòó nínú àwọn bàbá wa tí ó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lónìí ni ó lè sá fún ejò? Òwe tí gbogbo wa mọ̀ jù lọ nípa àgbà ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbo ni òwe yìí fi àgbà sí? Ọjà ni, kì í ṣe pálọ̀. Ẹni tí yóò bá ìyá ọlọ́mọ tún orí ọmọ ṣe ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ó dúró láàárín èrò, ó sì lè na ọwọ́ láìṣubú.

Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni púpọ̀ nínú yín, ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ tí Yorùbá fún nǹkan yìí wò. Eré ìdárayá. Eré ni orí àpólà náà. Ìdárayá ni ẹ̀yán tí ó ń yán an. Ara “dá ara yá” ni a ti ṣẹ̀dá ìdárayá: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- wà níwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe dá àti yá wà níbẹ̀, ara sì wà láàárín wọn. Bí a bá ní ara ẹnìkan yá, ohun tí à ń wí ni pé ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì múra tán. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà ni a máa ń sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Èdè wa kò pe nǹkan yìí ní iṣẹ́. Kò pè é ní ìyà, kò sì pè é ní oògùn tí a ń mu pẹ̀lú ojú kíkorò. Eré ni ó pè é. Bí a bá sì ní ènìyàn “sáré”, sá eré náà ni. Onímọ̀ èdè kan lè ní eré méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. N kò bá a jà, ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó ń sá kiri inú agbo ilé kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn.

Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé àwọn tí ó fún nǹkan yìí ní orúkọ mọ ohun tí a ti gbàgbé. Àgbàlagbà kò ní máa ṣe ohun tí kò dùn mọ́ ọn lójoojúmọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Bí a bá yọ eré kúrò nínú eré ìdárayá, ìdárayá náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kí ni àga ń ṣe sí àgbà gan-an? Láti nǹkan bí ọdún 30 sí 40 ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Egungun pẹ̀lú ń fúyẹ́, pàápàá egungun àwọn obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dáwọ́ dúró. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń fa gbogbo èyí. Àìlò ń ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Bí iṣan itan bá ti rọ, ẹsẹ̀ kì í gbé sókè dáadáa mọ́. Etí kápẹ́ẹ̀tì tàbí òkúta kékeré yóò gbé àgbà ṣubú, egungun ìbàdí tí ó ti fúyẹ́ yóò sì kán. Púpọ̀ nínú àwọn tí egungun ìbàdí wọn kán ní ọjọ́ ogbó ni kì í lè rìn mọ́ bí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ìṣubú náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí Màmá ṣubú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń já ìgbálẹ̀ gbà.

Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Ìlú Ọba tí ń jẹ́ Jerry Morris, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní The Lancet. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni bọ́ọ̀sì wọn. Awakọ̀ yóò jókòó láti àárọ̀ títí di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tí ó ń gba owó ọkọ̀, tí àwa ń pè ní kọ̀ǹdọ́kítọ̀, yóò máa gun àtẹ̀gùn, yóò sì máa sọ̀ ní gbogbo ọjọ́. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ilé iṣẹ́ kan náà ni ó gbà wọ́n, síbẹ̀ àìsàn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ǹdọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń pa awakọ̀ jù. (Ẹ má wá tìtorí èyí rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó o!) Morris fúnra rẹ̀ kò fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ sínú ìwé, eré ìdárayá di ara ìgbésí ayé rẹ̀. A bí i ní ọdún 1910, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 99.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹní. Kí àga onítìmùtìmù tó gba gbogbo pálọ̀ wa, orí ẹní àti àpótí ni àwọn àgbà ń jókòó sí. Ìyá tí ó ń bó ẹ̀gẹ́, orí àpótí ni ó wà. Bàbá tí ó ń gba atẹ́gùn lábẹ́ igi ọdán, orí ẹní ni ó wà, tàbí orí gbòǹgbò igi. Ẹni tí ó bá jókòó sílẹ̀ yóò dìde láti ilẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn: orúnkún yóò ká, ìbàdí yóò ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn yóò nà, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò gbé gbogbo ara sókè. Ìyá àgbà mi ń ṣe èyí ní ìgbà tí ó lé ní ogún lójúmọ́, kò sì pè é ní nǹkan kan. Lónìí, àga wa jìn débi pé ènìyàn máa ń rì sínú rẹ̀ bí ẹni rì sínú kànga, a ó sì wá na ọwọ́ fa àgbà jáde.

Ní ọdún 2012, Claudio Gil Araújo, dókítà ará Bràsíl, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rio de Janeiro jábọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 2,002 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 80. Ohun tí wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe kò ju pé kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó sì dìde, láìfi ọwọ́ tàbí orúnkún ti ilẹ̀ bí ó bá lè ṣe é. Máàkì 10 ni gbogbo rẹ̀. Bí ọwọ́ tàbí orúnkún bá kan ilẹ̀, wọn yóò yọ máàkì. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí máàkì wọn kéré ni ikú mú jù. N kò sọ pé dídìde láti ilẹ̀ ni ó ń lé ikú sẹ́yìn. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ẹni tí ó lè dìde láti ilẹ̀ ṣì ní agbára, ara rẹ̀ ṣì ń ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró gbọin-in. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni àga ń jí kó. Ẹ wá wo àwa tí a ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ nínú ìkíni wa! Ìjòyè tí orí rẹ̀ ti funfun báláú ṣì ń dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, ó sì ń dìde. Mùsùlùmí tí ó bá kí ìrun márùn-ún pé lójúmọ́ ti ki rákà 17, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti forí kanlẹ̀ ní ìgbà 34. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá kírun lórí àga, ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á láàyè. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbà á tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fi dandan gbé àga kalẹ̀ fún un ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Ẹnìkan yóò ní, “Ó ti pẹ́ jù fún Màmá tèmi.” Ẹ gbọ́ ná. Ní ọdún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn arúgbó 10 tí ó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 86 ni ó kéré jù nínú wọn, ẹni ọdún 96 ni ó dàgbà jù. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo, pẹ̀lú àbójútó. Agbára itan àwọn tí ó ṣe é parí di ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, láàárín oṣù kan agbára náà ti tún ń lọ. Bí iṣan ẹni ọdún 90 bá ṣì ń gbọ́ràn, kí ni àwáwí ẹni ọdún 66 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì?

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn òbí wa ti jìyà tó. Wọ́n ti roko, wọ́n ti ru ẹrù, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé ìlú kí àwa tó lè kàwé. Kí wọ́n sinmi ni ó kù. Mo gbà pé wọ́n jìyà. N kò sì ní kí a dá ìyà náà padà sí wọn lọ́rùn. Ìyá ẹni ọdún 70 tí ó ń ru igi ìdáná nítorí pé kò ní ohun tí yóò jẹ, ìṣẹ́ ni ó ń ṣẹ́ ẹ, ẹni tí ó bá sì pe ìyẹn ní eré ìdárayá kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọ̀rùn rẹ̀ ń dùn ún, orúnkún rẹ̀ ń jẹ, kò sì lè ní ó tó nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó ń ṣeré lè ṣíwọ́. Màmá tí ó ń ro ẹ̀bá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ilé nítorí pé ó wù ú, tí ó ń dúró láti bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tí ó sì ń wọlé nígbà tí oòrùn bá mú, kò jìyà rárá. Bí a bá wá gba ọkọ́ kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ìsinmi, a ti gba ẹ̀fọ́, aládùúgbò àti afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n rọ́pò wọn.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń ṣìnà ni ti àwọn ọmọ olówó. Àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ pé eré ìdárayá dára, nítorí náà wọ́n ra ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó wà ní Houston yóò fi kọ̀ntéínà gbé ẹ̀rọ ńlá ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ìjẹ̀bú, irú èyí tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ó nílò iná mànàmáná, iná kò sí. Ó ń pariwo, ó ń yára ju Bàbá lọ, ó sì dẹ́rù bà á ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ti rí mẹ́ta irú rẹ̀ nínú ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tí a rà kí Bàbá máa sá eré lórí rẹ̀, aṣọ ni a ń sá sórí rẹ̀ báyìí. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ó lò ó. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò pé ohun tí kò bá ná wa ní dọ́là kò lè jẹ́ ìtọ́jú. Mi ò sì retí pé kí bàbá ẹnikẹ́ni di Fauja Singh, bàbá ará Íńdíà tí ó parí eré ìje marathon ní Toronto ní ọdún 2011, tí a sì ń sọ pé ó ti pé ẹni 100 ọdún nígbà náà. Ìyẹn wù mí í wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mò ń wá.

Ijó ni mò ń wá. Bí eré ìdárayá kan bá wà tí Yorùbá kò gbọ́dọ̀ lọ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ijó ni. Ẹ wo àgbà tí ó mọ dùndún jó. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí, ọpọlọ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dáhùn. Bí onílù bá pe oríkì rẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú. Bí ìlù bá yí padà, ìgbésẹ̀ yóò yí padà. Yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò lọ sílẹ̀ títí orúnkún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, yóò sì rọra gbéra nílẹ̀ bí ìlù ti ń gbé e. Kò sí olùkọ́ kankan ní jíìmù tí yóò fún àgbà ní ohun tí ó jù èyí lọ: agbára itan, ìdúró ṣinṣin, ìmí, ìrántí, àti ẹlẹgbẹ́ tí a jọ ń ṣe é. Ní ọdún 2003, Joe Verghese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde lórí àgbà 469 tí ó ti lé ní ẹni ọdún 75 ní Bronx, ní New York. Wọ́n béèrè oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ dílẹ̀ ṣe, wọ́n sì tọ́pinpin àwọn tí àrùn ìgbàgbé tí ń mú àgbà ṣarán mú lẹ́yìn náà. Nínú gbogbo ohun tí a ń fi ara ṣe tí wọ́n yẹ̀ wò, ijó nìkan ṣoṣo ni ó bá ewu tí ó dín kù rìn. Kíkàwé, ìlù tàbí ohun èlò orin lílù, àti irú eré tí a ń ta lórí pátákó bí ayò wa náà wà lára ohun tí ó bá a rìn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò fi hàn pé ijó ni ó lé àrùn náà lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé ni ó ń lọ jó. Síbẹ̀, ta ni yóò pàdánù nínú rẹ̀?

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe ní òde àríyá wa. A ó to àwọn àgbà jọ sí ẹ̀yìn tábìlì lábẹ́ táńpólì, a ó gbé oúnjẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó kún fún ṣúgà síwájú ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, a ó sì ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn débi pé wọn kò ní lè gbọ́ ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ yóò gba agbo. Bí ìyá ẹni ọdún 70 bá dìde, tí ó jó ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò wá fà á lọ́wọ́: “Màmá, ó tó, ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín.” Kí ló dé tí kò fi gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́? Ó rẹ àwọn ọ̀dọ́ náà. Ọdún 1946 ni a bí King Sunny Adé, a sì ṣì ń rí i lórí ìtàgé tí ó ń jó nígbà tí ó ti kọjá ẹni 70 ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì fà á lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí a máa fi orin Yusuf Ọlátúnjí tàbí Haruna Ìṣọ̀lá sí i fún wọn nínú ilé ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnìkan kú tàbí pé ẹnìkan gbé ìyàwó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020 pé kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 máa fi ara ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó máa ṣe ohun tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2 ó kéré tán, kí ó sì máa ṣe ohun tí ń mú ara dúró ṣinṣin ní ọjọ́ 3. Ìró rẹ̀ tóbi létí, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀: orin jùjú tí ó gba ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ 5, 150 ti pé. Bí ènìyàn bá ń jó tàbí tí ó ń rìn, tí ó sì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní èémí tó láti kọrin, ó ti ń ṣe é dé ibi tí ó yẹ. Dídìde lórí àga ìdáná ní ìgbà 10 láìfi ọwọ́ tì í, iṣan ni ìyẹn. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri nígbà tí à ń dúró de omi kí ó hó, ìdúró ṣinṣin ni ìyẹn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí àyà ń dùn, tàbí tí ó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, kí ó rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà ti wà láti ọdún 2012.

Àwọn kan lára wa fẹ́ràn láti máa yangàn pé ara Yorùbá le nípa ti ẹ̀dá. Wọn yóò tọ́ka sí ìwádìí ńlá tí a ṣe láàárín Ìbàdàn àti Indianapolis. Òtítọ́ ni pé nínú àbájáde tí a tẹ̀ ní ọdún 2001, àrùn ìgbàgbé mú àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn ní ìwọ̀n 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis jẹ́ 3.24. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú àwọn tí a yẹ̀ wò: àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 láti nǹkan bí ọdún 1992, àwọn tí ó dàgbà lórí ẹní, ní ẹsẹ̀ rírìn, nídìí ọjà. Kò sí ẹni tí ó fi ìwé lé wa lọ́wọ́ pé àwa tí a dàgbà lórí àga yóò jogún ohun tí wọ́n ní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ ń pe Màmá wá sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Maryland láti wá bá yín wẹ ọmọ, ẹ sì ń tì í mọ́lé ní oṣù mẹ́fà nítorí òtútù. Ẹ wọ aṣọ òtútù fún un, kí ẹ jẹ́ kí ó jáde. Ìlú tí ẹ wà ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń tọrọ níbí. Ẹ jẹ́ kí ó pọn ọmọ náà pẹ̀lú bí ó bá fẹ́ pọ̀n ọ́n. Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ ọmọ dí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yìí ni ẹ̀bi àwọn ìjọba wa. Ẹ rìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo pẹ̀lú ojú ẹni ọdún 70. Gọ́tà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkọ̀ dúró sí ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ gbà, ọ̀kadà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ní ọ̀nà tí kò yẹ kí ó gbà. À ń ná owó rẹpẹtẹ sórí afárá fún ọkọ̀, a kò sì lè fi kọnkéré bo gọ́tà kí àgbà lè rìn dé mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì láìkú. Ẹni tí ó bá ń wá ìbò àwọn àgbà ní ọdún ìdìbò, èyí ni kí ẹ bi í.

Títí ìjọba yóò fi gbọ́, ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa pọ̀. Bí Màmá bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, ẹ wo ibòmíràn. Ẹ rán Bàbá níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán an: ẹ ní kí ó bá yín ra ìwé ìròyìn ní ìkóríta, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí ó bá ọmọ yín rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ gbé àga pẹlẹbẹ kan tí ó ga díẹ̀ sínú pálọ̀ dípò èyí tí ń gbé ènìyàn mì. Bí ẹ bá sì ní owó tí ẹ fẹ́ ná lé e lórí lọ́dún yìí, ẹ ra bàtà fún un: èyí tí ó di gìgísẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ má bàa há. Ẹ má ra á lẹ́yìn rẹ̀ o. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà kí ó wọ̀ ọ́ wò, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ sílé.